Omi Inú Ilẹ̀ Ìyá

Àjàṣẹ́, Ọjọ́rú, oṣù kẹfà, 1934

A sin Ìyá lónìí. Òjò kò dá rárá.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn òjò. Lọ́dún tí ọ̀sà kún dé ẹnu ọ̀nà wa, inú èmi àti Rámátù àbúrò mi dùn dẹ́yìn, a ń fi agbọ̀n kó ẹja nínú àgbàlá. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ọyẹ́ ni tiwọn. Ètè wọn a máa là, gìgísẹ̀ wọn a máa sán, síbẹ̀ wọn a ní ìgbà náà ni ara àwọn le jù. "Ẹ bá mi tọrọ ikú ìgbà ọyẹ́, kí n lè sùn sí ilẹ̀ gbígbẹ." Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ká ní wọ́n lè dúró di oṣù Kejìlá ni...

Nígbà tí a dé itẹ́ òkú, omi inú isà ti tó orúnkún. A ń fi garawa gbọ́n ọn, ó ń sun. Mo bẹ Àáfà pé kí a dúró di ọ̀la.

"Ọmọ mi, òkú kì í dúró de ojú ọjọ́. Ẹ gbé wọn wá."

Èmi ni mo wà nísàlẹ̀ tí mo gbà wọ́n. Kí a tó to pákó tán, omi ti ń gun aṣọ funfun tí a fi wé wọn.

Rámátù dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé, nítorí obìnrin kì í bá wa dé itẹ́ òkú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ?"

"Ó gbẹ."

Ó wo ẹrẹ̀ tó bo aṣọ mi dé ìbàdí. Ó lọ gbé omi gbígbóná wá.