Lẹ́tà Bàbá Ajíbádé Tí Kò Dé Padova

                                                            Via Saluzzo 38,
                                                            10125 Torino,
                                                            Italy.
                                                            Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Mọ́yọ̀ọ̀lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé Kíkí ti mọ́ra nílé-ìwé tuntun náà, àbí ó ṣì ń di mọ́ ọ láṣọ láràárọ̀? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le koko bí ọta, àfi òtútù Torino tó ti ń yọjú.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bàbá rẹ ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ti pè ọ́ ní Abẹ́òkúta láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì lohùn àwọn kò jẹ́. Fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. 

Ṣé o rántí pé nígbà tí a jọ wà ní yunifásítì ní Padova, o sọ fún mi pé orúkọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá nílé yín? Ajíbádé. O ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti bàbá rẹ nígbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ níbí, pé ó pe bàbá rẹ ní olè lójú gbogbo èèyàn, tí bàbá rẹ fi padà sílé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi: ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti mọ Bàbá Ajíbádé. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan náà la wà ní Torino. Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọ ni.

O mọ iṣẹ́ mi, pé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni mò ń yọ jáde fún ilé-ìkàwé. Nínú oṣù tó kọjá, Signora Giulia, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, pè wá. Wọ́n fẹ́ ta ilé wọn, kọ̀ǹpútà kan sì wà nínú cantina nísàlẹ̀ ilé tí ọkọ̀ akódọ̀tí máa kó lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì wọlé, ilé wọn jẹ́ ọ̀kan nínú ibùdó tí àwọn èèyàn ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan á fi tẹlifóònù ilé pe èkejì, á kó gbogbo lẹ́tà ọjọ́ náà lé e lọ́wọ́, ìyẹn náà á pe òmíràn. Bí o bá kọ̀wé lónìí, ó lè tó ọ̀túnla kí wọ́n tó kà á ní Bologna.

Ọjọ́rú ni mo lọ. Ẹ̀rọ náà kò tàn rárá. Mo yọ dísíìkì inú rẹ̀, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣí. Mo rí yàrá ìjíròrò lórí kẹ̀kẹ́, lórí òṣèlú, lórí oúnjẹ sísè, lẹ́yìn náà ni mo rí ọ̀kan tí wọ́n pè ní OJUDE. Mọ́yọ̀, mo pariwo! Damaris tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé iná ló gbé mi.

Yorùbá ni, lẹ́tà tó lé ní irinwó! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Torino, Padova àti Bologna ló kọ wọ́n, láti ọdún 1992 sí 1994. Wọ́n sì ti fún gbogbo nǹkan lórúkọ. Okùn ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ kan àti gbogbo èsì tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń kà tí kì í kọ nǹkan kan, adákẹ́kàwé ni. Ẹni tó bá ń bú èèyàn, wọ́n á ní ó ti yọ ẹnu iná. Bàbá rẹ ló dá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ náà sílẹ̀, àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n! Àmọ́ ẹ̀rọ ìgbà náà kò gba àmì ohùn, kò gba àmì abẹ́ ọ àti ẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Èrèlé ọdún 1994, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dàwátì nínú yàrá bàbá rẹ ní Padova. Ẹnì kan ló gbé e lọ tún ṣe láìsọ fún wọn, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó mọ̀, àwọn èèyàn sì ti ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bàbá Ajíbádé, tí wọ́n ti ń retí èsì lẹ́tà wọn lọ́dọ̀ bàbá rẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ ọ́ sí Ojúde pé: "Adeogun, ole ni e. Gbogbo wa ti mo." Ọ̀lẹ ni wọ́n ní lọ́kàn. Kí ni bàbá rẹ kà? Olè! Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tiwọn yìí, àìsí àmì lásán ló yọ ọfà jáde.

Bàbá rẹ yọ ẹnu iná, wọ́n sì fi Ojúde sílẹ̀. Mo wá rí àpò kan nínú dísíìkì náà tí wọ́n kọ "in attesa" sí, ìyẹn àwọn lẹ́tà tó ń dúró kó tó lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, sí bàbá rẹ: "Ore mi, mo be e. Ole ti ko feran ise ni mo pe e, ki i se ole ti n jale. Mi o ri ole lara re ri." Ibùdó ti Padova ti kógbá sílé lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́tà náà kò kúrò ní Torino.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e lọ fún Bàbá Ajíbádé. Sofia ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn. Bàbá wọ awò ojú, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà.

"Níbo lo ti rí èyí?"

Mo ní inú kọ̀ǹpútà Signora Giulia ni, pé kò kúrò níbẹ̀ rí.

"Kò kúrò níbẹ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi ń sọ pé Adéògún ka ẹ̀bẹ̀ mi, kò dá mi lóhùn!" Omi lé ròrò sójú wọn.

Sofia ní, "Papà, che c'è?", pé kí ló dé.

Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni. Kò mọ̀ pé mo bẹ òun."

Nọ́ńbà bàbá rẹ wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ. Bàbá Ajíbádé kò lè pè, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ni mo bá pè. Mo kí bàbá rẹ, mo ní mo fẹ́ ka nǹkan kan fún wọn. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní kí n tún un kà, mo sì tún un kà.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Bàbá Ajíbádé ni, sà. Láti ọdún 1994 ni."

"Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"Wọ́n jókòó tì mí, sà."

Mo gbé fóònù fún wọn. "Adé" nìkan ni wọ́n lè sọ. Ni mo bá gbọ́ ohùn bàbá rẹ láti Ìwó: "Ajíbádé! Ọ̀lẹ ni mo jẹ́ lóòótọ́! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fèsì!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Sofia ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò sì gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ohun tí bàbá rẹ kò lè fẹnu ara wọn sọ fún ọ nìyí: lẹ́tà méjì dé sí wọn láti Torino lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Wọn kò tú u. Wọ́n fi dáná. Ó ń dùn wọ́n gan-an, Mọ́yọ̀. Wọ́n ní kí o jọ̀ọ́, kí o má bínú sí àwọn nítorí orúkọ tí àwọn fòfin dè nílé.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn, àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe! Bàbá Ajíbádé ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n á balẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú Sofia, tí kò tíì dé Nàìjíríà rí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Ìyá, kí o sì fẹnu ko Kíkí lẹ́nu fún mi. Damaris ní kí n kí ọ. Mo fi lẹ́tà Bàbá Ajíbádé sínú àpò ìwé yìí, kí o bá mi fún bàbá rẹ.

Ó ku ọ̀kan tí bàbá rẹ ní kí n bẹ̀ ọ́ sí. Ojú wọn kò ríran wa ọkọ̀ lọ sí Èkó mọ́. Wọ́n ní ṣé wàá gbé àwọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ náà? Wọ́n fẹ́ dé ibẹ̀ kí bàálù tó balẹ̀, kí Ajíbádé má baà wo ọ̀tún, wo òsì, kó má rí òun.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ayọ̀ ń pa bí ọtí,
Ìfẹ́táyọ̀ Ọláníyọnu.