Ìyàwó Tí Mo Yàn fún Ọ Nínú Àpò Àwòrán

Ilé Alọ́ṣẹ,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, 1964.

Gàníyù Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Èmi ìyá rẹ wà ní àlàáfíà, orúnkún nìkan ló ń dà mí láàmú bí òjò bá ti ṣú, síbẹ̀ mo ṣì ń gun òkè Mápó lọ sí ìsọ̀ ọṣẹ mi l'Ọ́jà'ba láràárọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o rí ìjàǹbá mọ́tò, kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ jí lódì sí ọ, àmín. Bá mi kí Súlè Oníkẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Àkíbù àbúrò bàbá rẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yín fún mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, gbogbo ọ̀sẹ̀ la sì ń rí i nínú àwòrán tí ò ń yà síbẹ̀ pé Súlè tún ti já sí gọ́tà. Ẹ gba kẹ̀kẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Lẹ́tà rẹ dé, Àkíbù sì kà á fún mi. O ní ẹ ń ṣe ìdíje níbi iṣẹ́ yín, pé kí àwọn tó fẹ́ràn Súlè fọwọ́ ara wọn ya ìtàn rẹ̀ bó bá ṣe wù wọ́n, kí wọ́n sì tún mú ẹnìkan tuntun wá, pẹ̀lú àwòrán onítọ̀hún, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ìwà rẹ̀, ohun tó fẹ́ràn àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. O ní kí àwọn ará Ìbàdàn kó tiwọn wá sílé wa, kí n bá ọ tọ́jú wọn, pé ìwọ fúnra rẹ lo máa yan èyí tó dára jù lọ, àti pé ẹni náà á máa bá yín lọ láti ìgbà náà.

Gàníyù, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo bí ọ, mi ò tíì rí obìnrin kan tó kúnlẹ̀ kí mi nítorí rẹ. Mo ní họ́wù, ọmọ mi ti ń wá ìyàwó! Nígbà tí a fẹ́ fẹ́ Àṣàkẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣebí fọ́tò rẹ̀ la kọ́kọ́ rí, tí alárenà wá ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ fún wa. Àkíbù ní òun rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó gbájú mọ́ ṣòkòtò tó ń rán.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti kó àádọ́rin àpò-ìwé wá, mo sì kó gbogbo wọn sínú àpò ìrẹsì kan. Nígbà tí mo wá rí i pé ọkùnrin wà láàárín wọn, mo tètè tú àpò náà. Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa, mi ò lè kó ọkùnrin àti obìnrin tí wọn ò mọ ara wọn rí sínú àpò kan kí wọ́n jọ máa sùn. Mo kó àwọn ọkùnrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àkíbù, àwọn obìnrin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Má fòyà, mi ò fi ẹyọ kan pọ́n ọṣẹ.

Àkíbù jókòó, ó ń kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń ṣa àwọn tí kò dára kúrò. Èyí kan wà tó ní ìyẹ́, tó ń fò. Mo ní rárá o, bí a bá bá a wí díẹ̀, yóò fò lọ sílé bàbá rẹ̀. Òmíràn lójú mẹ́ta. Òmíràn tún wà, ó rẹwà lójú, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni irinwó ọdún ni. Ta ló fẹ́ máa kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ òun? Ìyá tìẹ náà ṣì ń retí kí wọ́n kúnlẹ̀ fún òun.

Ìgbà tí a dé orí Sẹ̀gilọlá ni ọkàn mi balẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wa lọ́rì láti Mọlété lọ sí Èkó. Ìwà rẹ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹlòmíràn jẹ níṣojú òun. Ó fẹ́ràn ẹ̀wà. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Nínú àwòrán, ó ká apá aṣọ sókè, ó gbé Súlè àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ nínú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní èyí nìyí! Yóò tọ́jú rẹ, yóò tọ́jú ọ̀rẹ́ rẹ, yóò sì máa bá mi gbé ọṣẹ wá sí Èkó. Yemẹtù àti nọ́ńbà ilé kan ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà.

O mọ̀ pé mi kì í fẹ́ ọmọ ẹni tí mi ò tíì wádìí. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sí Yemẹtù, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kiri ọṣẹ, mo ń béèrè ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá onílọ́rì láti ilé dé ilé. Ṣé ó máa ń jà? Wọn ò gbọ́ ọ rí. Ṣé ó máa ń jalè? Wọn ò gbọ́ ọ rí. Ṣé àrùn burúkú kankan wà nílé wọn? Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Gàníyù, odidi àdúgbò, kò sí ẹnìkan ṣoṣo tó rí ọ̀rọ̀ burúkú sọ nípa ọmọ náà! Mo sunkún ayọ̀ nínú oòrùn.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Àkíbù mú obì àti ọṣẹ lọ sílé náà. Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Oyèdélé ló gbà wá, tísà ni tẹ́lẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Mo kúnlẹ̀, mo ní a rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn, Sẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀. Bàbá ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo lòun ní, Morádéyọ̀ ló ń jẹ́, tísà lòun náà, kò sì sí lọ́rì kankan nílé àwọn. Àṣé ọmọ náà wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó jáde wá, yíǹkì dúdú wà ní gbogbo ìka rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó ní ká jọ̀ọ́, inú orí òun lòun ti rí Sẹ̀gilọlá, pé oṣù mẹ́ta gbáko lòun fi yà á, òun ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó kéde ìdíje pàápàá, torí òun fẹ́ kó wọnú ìwé ìròyìn yín ju ohunkóhun lọ. Ẹ̀rín wá pa á, ó jókòó sílẹ̀.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde. Mo sọ òótọ́ fún wọn, mo ní bàbá rẹ kú láìrí ìyàwó rẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé èmi náà á lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà dìde. Ó bu omi fún mi, ó di apá mi mú, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa níbí, pẹ̀lú orúnkún mi.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ti to àwọn àwòrán ìdíje rẹ, ó ti kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó sì ti la ìdíje náà yé mi. Ó ní Súlè pàápàá kì í ṣe èèyàn. Ìyẹn ni mi ò lè gbà, ẹni tí mo mọ ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó máa ń wo fọ́tò rẹ tó wà lára ògiri, èyí tí o ti wọ kóòtù ẹlòmíràn, mo sì ti sọ fún un pé o máa ń han-run.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra orógùn ọṣẹ tuntun, kí n sì ra nǹkan lọ́wọ́ lọ kí Bàbá Oyèdélé padà, nítorí ọwọ́ òfo kò yẹ mí.

Òun náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí mo ní kó kọ ọ́ pé òun gan-an ni mo fẹ́ fún ọ báyìí, ó gbé kálàmù sílẹ̀, ó jáde lọ sí ìta, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀. Ó kàn fa Sẹ̀gilọlá yọ láàárín àwọn yòókù, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti yọ tòun kúrò nínú ìdíje, pé kò ní dára kí ìwọ tí ò ń dájọ́ máa gbé ẹ̀bùn fún òun. Mo ní kí ló dé, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta! Inú bí mi, mo ní ṣé ó ti kọ ọmọ mi nìyẹn? Orí ìwé ló doríkọ, ó ń kọ gbogbo èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ò mọ ohun tí ìdíje fi kan ọ̀rọ̀ ìyàwó mọ́. Bí ìwọ bá mọ̀ ọ́n, má wulẹ̀ kọ èsì sí mi, òun ni kí o kọ ọ́ sí. Ọlọ́run á là ọ́ lójú, á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, wàá sì tètè wálé, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdí Alọ́ṣẹ.