Ọṣẹ Àrínọlá àti Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Alùpùpù

                                        Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                        Lagos Town,
                                        Accra, Ghana.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹfà, 2024.

Àtàndá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé o jí dáadáa? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dé ìta? N kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Bí mo bá jókòó, mo dìde; bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Má kí mi kú ara fẹ́ra kù mọ́, ó ti tó. Faruk, ayálégbé wa, ló ń bá mi kọ èyí. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ dídùn nínú rẹ̀, òun ló fi kún un.

O mọ alùpùpù tí mo fi ń gbé Àrínọlá ìyàwó mi lọ sí ọjà Okaishie láràárọ̀. Láti ìgbà tó ti kú, n kò gùn ún mọ́. Ó dúró sẹ́yìn ilé títí táyà ẹ̀yìn fi jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fèyísọ́lá ọmọ mi ní òun fẹ́ gbé fíríìsà síbẹ̀, kí òun máa ta omi tútù. Ó ní bí alùpùpù náà kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kó tó di Sátidé, àwọn tó ń ra irin àlòkù yóò wá gbé e. Ọmọ tí mo bí. Mo ní yóò jáde.

Mo ra táyà tuntun, mo yí i lọ bá Mutala tó ń lẹ táyà níkòríta wa. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Alata," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "ta lẹ fẹ́ fi gbé?" Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Mo yí táyà mi padà sílé.

Mo fi búlọ́ọ̀kù gbé alùpùpù ró, mo tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Táyà àtijọ́ jáde. Tuntun ni kò wọlé. Mo ń fi irin tì í bí ẹni tí wọ́n ń lé, irin bá fún túúbù mọ́ rímù, ó gé e. Mo bú táyà, mo bú Mutala, mo bú Àrínọlá pàápàá tó fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo bú tán, mo lẹ túúbù.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọṣẹ ló ń mú táyà yọ̀ wọ rímù. Ọṣẹ ìfọṣọ ti tán nílé. Èyí tó kù ni ọṣẹ dúdú kan tí Àrínọlá sè kẹ́yìn, irú èyí tó ń tà, tí àwọn ará ibí ń fi orúkọ wa pè ní alata samina. Inú ewé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Mo gbé e, mo dá a padà, mo tún gbé e. Mo ní ojú tó ti rí òkun, kí ló ń bẹ̀rù nínú ọ̀sà? Èmi tí mo sin ẹni tó sè é, n ó wá máa bẹ̀rù ọṣẹ.

Mo fi omi pò ó, mo fi pa etí táyà yí ká. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìn ilé, bí ìgbà tí Àrínọlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ jáde. Táyà yọ̀ wọlé. Mo fún un ní afẹ́fẹ́, ó sọ pọ́ọ̀, ó jókòó.

Fèyísọ́lá ti dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ewé ọṣẹ nílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ lò ó." Mo ní, "Ṣé kí n jẹ ẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn nu ojú, ó ní kí n gbé òun dé Jamestown, òun fẹ́ ra ẹja. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹja ló ń wá.

A gba iwájú Mutala kọjá, mo fọn fèrè fún un. Mo sọ fún Fèyísọ́lá kó di irin ẹ̀yìn mú. Ẹ̀wù mi ló dì mú, bíi ti ìyá rẹ̀. N kò bá a wí.

Ẹnu ọ̀nà ni fíríìsà wà báyìí, alùpùpù ló ni ẹ̀yìn ilé. Ara mi kò tíì balẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mò ń lọ láràárọ̀: èmi ni mò ń gbé Fèyísọ́lá lọ sí Okaishie, kó lọ ra omi tí yóò tà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Sọ fún un pé ọṣẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ mọ́, mo ti dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

                                        Èmi náà ni,
                                        Àkànní, ọkọ Àrínọlá.