Èmi Ni Mo Ń Pa Bátìrì Ọkọ̀ Mi Kí Wọ́n Lè Wá Bá Mi Tì Í

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà lórí page yìí. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ìyẹn sọ kí àyà mi tó já. Ọkọ̀ tí àwọn ará àdúgbò mi ń fi òógùn ojú wọn tì láti ìgbà ọyẹ́, kò ní àrùn kankan, èmi gan-an ni mo ń pa bátìrì rẹ̀... ẹ ní sùúrù, ẹ má tíì bú mi.

Ará Iléṣà ni mí, Òṣogbo ni mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi retire, Dada Estate ni mo ń gbé. Ìyàwó mi ti kú, Ìwàrà la sin ín sí, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí wà ní Abuja, ọmọ dáadáa ni. Òun ló ra ọkọ̀ tuntun fún mi, automatic, ẹ kì í yí kọ́kọ́rọ́, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnnì ni. Gíláàsì ń gòkè fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn ń ti ara rẹ̀, iná ń kú fúnra rẹ̀ tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń fi òyìnbó sọ fún mi pé ibi tí mò ń lọ kù díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, mo ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé obìnrin inú ọkọ̀ yẹn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Gíláàsì rẹ̀ dúdú, mò ń kọjá lára àwọn èèyàn, wọn ò mọ̀ pé èmi ni, èmi náà ò gbọ́ wọn. Ìyá Dúpẹ́ tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa wá ń sọ kiri pé Bàbá ti ń gbéra ga, pé wọn kì í kí èèyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Èmi tó jẹ́ pé nínú ọkọ̀ àtijọ́ mi, láti ilé ni mo ti ń fọwọ́ yí gíláàsì sílẹ̀, tí màá máa kí èèyàn títí màá fi dé Òkè-Fìà!

Mo bá da tapólì bo ọkọ̀ tuntun, mo padà sídìí àtijọ́, èyí tí ẹ máa ń fọwọ́ já gíà rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbàgbé iná iwájú rẹ̀ ní títàn láti ìrọ̀lẹ́ àná, torí ọkọ̀ yẹn kì í pa iná fún yín, bí ẹ bá ṣe fi í sílẹ̀ ló máa wà. Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn. Mo jáde láti wá ẹni tó máa bá mi tì í. Múfú oníkẹ̀kẹ́ dúró, àwọn èrò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, Tísà tó ń gbé òdìkejì ilé mi jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, Ìyá Dúpẹ́ fi búrẹ́dì sílẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n fi sí gíà kejì, kí n tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tì í, mo ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ọkọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan, ó jí, gbogbo wọn hó yèè. Wọn ò sì lọ. Wọ́n dúró yí mi ká, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín... Ìyá Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú gíláàsì, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ tiẹ̀ ti jẹun?" Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo wa ọkọ̀ dé iwájú díẹ̀, mo páàkì, mo sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo mọ̀ọ́mọ̀ tan iná náà sílẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo tún ṣe é, mo tún ṣe é... Wọ́n á máa tì í, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló, pé owó bátìrì ló ń dun Bàbá. Ara mi á yá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n kúkú lọ kí wọn nílé wọn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Àgbàlagbà tó bá yà sílé onílé láìnídìí, àga tó dáa jù ni wọ́n máa gbé fún un, wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa bi í pé ṣé kò sí o. Màá mu omi, màá dìde. Ìdí ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò sítáàtì nìkan ni wọ́n ti ń bá mi ṣeré. Ti automatic yẹn kò sì ṣe é tì, tó bá kú, mẹkáníìkì lẹ máa pè.

Wọ́n wá dá owó jọ lẹ́yìn mi, wọ́n ra bátìrì tuntun fún mi. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti jí. Màá juwọ́, wọ́n á juwọ́, ó parí. Mo fara dà á, mi ò lè fara dà á... mo tún tan iná sílẹ̀. Múfú gbaná jẹ, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa, ó gbé bátìrì lọ sí Òkè-Fìà, ó pe ọkùnrin tó tà á ní olè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣáájì ẹ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó yẹ kí n jáwọ́ níbẹ̀. Mi ò jáwọ́. Ní báyìí, wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta bátìrì, Sátidé yìí ni wọ́n máa gbọ́ ọ, wọ́n lè ní kó kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni wọ́n sì ní kí n wá sọ̀rọ̀, torí àgbà kì í parọ́.

Ọkùnrin náà wá bá mi nílé lánàá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n, pé òun ò mọ ohun tí òun ṣe. Mo ní kó dìde. Mo bu omi fún un. Ó wá jókòó, ó ń sọ ti ilé rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi, ó pẹ́ gan-an... inú mi sì ń dùn pé ẹnì kan wà nínú pálọ̀ mi. Ẹ wo irú èèyàn tí mo dà.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́wọ́, ta ló tún máa dúró síbi gíláàsì mi? Báwo ni bàbá àgbà ṣe ń dìde láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn kó ní kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ òun, òun dá wà ni? Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ náà síbí bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́, màá há a sórí kí Sátidé tó dé.