Orúkọ Ìyá Rẹ Lórí Àwo Irin

San José, California,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 1961.

Corinne, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí òtútù Oregon má sì pọ̀ jù fún ọ. Ara tèmi le, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi, ó rẹ̀ mí dé eegun.

O mọ̀ pé a ti kó orúkọ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ sínú kọ̀ǹpútà. Àádọ́ta àwo irin ló ń yí nínú rẹ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ojúlé tirẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti wà ní ojúlé tó tọ́ sí ẹni tuntun, a ó wá àyè fún un níbòmíràn, a ó sì kọ ibi tó wà sára ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Báyìí ni ẹnì kan ṣe ń júwe ẹnì kejì. Nítorí náà ni mo ṣe ṣòfin pé a kì í pa orúkọ òkú rẹ́. "Olóògbé" là ń kọ sí i, a ó fi í sílẹ̀ sáyè rẹ̀.

Aṣòfin ló di arúfin. Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi: "Adela Lindgren, olóògbé." Nígbà tó di oṣù Keje, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo pa orúkọ ìyá rẹ rẹ́.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n fún aláboyún kan. Kọ̀ǹpútà ní kò sí. Ọpẹ́lọpẹ́ ìlú kejì tó fi tiwọn ránṣẹ́. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ mẹ́tàlélógójì la ò rí. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Haskell, ní Verna Tolliver tó ń fi ẹ̀rọ lu orúkọ sára káàdì tí kọ̀ǹpútà ń kà ni kò lù wọ́n, ó ní kó máa lọ sílé. Verna ò bá a jiyàn. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ fún mi pé, "Bóyá èmi náà ni o, Ọ̀gá Orville. Ojú yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka àwọn àwo náà ní ojúlé dé ojúlé. Gbogbo orúkọ náà pé síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá rẹ ni wọ́n wà, kò kàn sí ẹni tó lè júwe wọn mọ́. Ojú tì mí gidigidi.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Haskell. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yìí jù nínú gbogbo wa, ìwọ náà lo bà á jẹ́." Ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ sílẹ̀, kí n máa lọ to káàdì. Kí n tó kó o sílẹ̀, mo dá ìyá rẹ padà sí ojúlé rẹ̀, mo sì kọ "olóògbé" sí i. Ọjọ́ ìsìnkú ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àtilọ àtibọ̀ rẹ, kó jẹ́ kí ìwé rẹ yé ọ, kó má sì jẹ́ kí o dá nìkan wà.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Orville Lindgren.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Verna ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la jókòó sí báyìí. Mo kí i láàárọ̀ yìí, kò dá mi lóhùn.