Sí Ọmọ Alápatà Tó Ń Fi Ẹ̀wà Ṣe Ẹran

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí inú mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun, ṣé ara le koko? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa bá wa ṣọ́ ọ nínú ìlú ńlá tí o wà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀gá rẹ kò ní jí bínú sí ọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní gbé ẹjọ́ rẹ lọ síbi tí kò yẹ. Ṣe àmín kí o tó ka ìwé yìí síwájú, torí èmi ti ṣe tèmi.

Ní ti ilé, ara wa le. Eyín bàbá rẹ tó ń mì ti bọ́, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, ṣùgbọ́n òjò ti dáwọ́ dúró, nítorí náà a ti gbàgbé rẹ̀. Ewúrẹ́ mi bí ọmọ méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Bàbá rẹ ń wo èyí dúdú bí alápatà ṣe ń wo nǹkan, mo sì ti kìlọ̀ fún wọn.

Mo rí ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ láti bá ọ rò lórí rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ni o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo kí ọ, o kò dáhùn. Mo ní ṣé kò sí nǹkan, o ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Ọbẹ̀ fẹ́ jóná, mo ní jọ̀ọ́ dúró díẹ̀ kí n lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nígbà tí mo fi máa padà dé, o ti sọ̀rọ̀ lọ jìnnà. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ ọ kọ́ nìyẹn. Olùkọ́ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé kì í ṣe ìwọ gan-an ni, pé ohùn rẹ lásán ni, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iléèwé gíga ló pè ọ́ kí o wá sọ ohun tí iṣẹ́ ti kọ́ ọ, tí o wá fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ kí ìyá rẹ lè gbọ́ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́, àwọn ibì kan kò sì bá mi lára mu.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ já mi láyà. O sọ lójú gbogbo ènìyàn pé nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́, ìdí sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ọ́ sí, pé ó pẹ́ kí o tó kúrò níbẹ̀ bọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀wà. Ọmọ mi, kí lo ṣe? Ta lo bá jà? A kò gbọ́ rárá pé ọlọ́pàá mú ọ! Ẹkún ni mo ń sun tí olùkọ́ fi sáré wọlé, ó ní sẹ́ẹ̀lì tí o wí wà lára màlúù, pé ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, pé ẹ máa ń mú bíńtín lára màlúù, ẹ ó sì máa tọ́ ọ nínú ìkòkò títí yóò fi di ẹran. Mo ní màlúù náà wá ń kọ́? Ó ní ó wà níbi tó wà, ó ń jẹko. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ ọ́ níbẹ̀. Ìdí ẹ̀wà ni kí o dúró sí. Ẹ̀wà kò gbé ẹnikẹ́ni dé àgọ́ ọlọ́pàá rí.

O tún ní ilé iṣẹ́ yín jẹ́ sítáàtì-ọ́ọ̀pù. Èyí yé mi, torí bí ọkọ̀ àtijọ́ bàbá rẹ ṣe rí náà nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń sítáàtì, kò sì kúrò lójú kan, àwa la máa ń tì í. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì. O ní ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú nídìí iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lágbára. Ẹnu ìwọ fúnra rẹ la ti gbọ́ ọ! Ṣebí mo ti ń pariwo pé kí o kúrò nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí o ń gbé yẹn, níbi tí a kì í ti í gbọ́ ohùn rẹ ketekete.

Ibi tí o ti ní kí àwọn ọmọ yẹn máa tètè kùnà, pé ẹni tó bá tètè kùnà ló ń tètè kọ́gbọ́n, ibẹ̀ ni mo ti dìde. Irú àdúrà wo nìyẹn látẹnu ọmọ tí mo bí? Mo pa fóònù, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo dá ọ̀rọ̀ náà padà síbi tó ti wá. Má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. O sì ní ẹ ti jó owó rẹpẹtẹ kí ẹ̀wà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ẹran. Ṣé kò sí igi ìdáná níbẹ̀ ni? Ẹni tó bá ń jó owó, má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má bàa ní ìwọ lo ṣáná sí i.

Èyí tí mo fara mọ́ ni ibi tí o ti ní àwọn ènìyàn kì í jẹ ìwàásù, ohun tó bá dùn lẹ́nu ni wọ́n ń jẹ, pé ìgbà tí ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná, tí ẹ gbájú mọ́ ata àti iyọ̀, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà yín. Mo ní, ẹ ò rí i, èmi ni mo bí i lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí o parí, ohùn rẹ yí padà. O ní àwọn olówó tó ń ran iṣẹ́ yín lọ́wọ́ ti fà sẹ́yìn, pé wọ́n ti ní kí ọ̀pọ̀ nínú yín máa lọ sílé, pé ìwọ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n o kò mọ̀ di ìgbà wo. O ní ẹ̀kọ́ tó le jù ni pé iṣẹ́ lè dára kí ọjà má sì tíì ṣe tán láti gbà á. O wá gbé itọ́ mì. Àwọn ọmọ iléèwé yẹn lè má gbọ́, èmi gbọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣeé sọ lórí fóònù.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti sọ fún bàbá rẹ pé iṣẹ́ tí o rí ni kí ẹ máa ṣe ẹran láìpa ẹran, wọn kò bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní owó ẹran làwọn fi rán ọ níléèwé, o wá kàwé tán, o fẹ́ fi ìwé pa alápatà. Nígbà tí páálí ẹran elẹ́wà tí o fi ránṣẹ́ dé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ fìríìjì àwọn, pé àwọn ẹran tó wà níbẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá gbé e lọ bá obìnrin tó ń ta omi tútù lóríta, ó bá mi tì í sísàlẹ̀ fìrísà rẹ̀. Bí mo bá dárúkọ rẹ nílé, wọ́n á ní ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo ń gbọ́ ohùn rẹ, mo ń rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ dé òpin. Díẹ̀ ló kù kó tán sí wọn lọ́wọ́.

Ìròyìn pé wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ yín dé ìsọ̀ ẹran. Èmi kò mọ ẹni tó gbé e débẹ̀, ìyàwó télọ̀ nìkan ni mo sọ fún. Alápatà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ti bàbá rẹ, tí à ń pè ní Ẹnu-Mímú torí pé ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, ló mú ọ̀rọ̀ náà ṣe orin. Ó ń gé ẹran, ó ń ké sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá ra ẹran tó ní ìyá, ẹran tó ké kó tó kú, pé ẹran elẹ́wà tí ọmọ ẹnì kan ń ṣe nígboro ti kú o, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ dúró síbẹ̀, mò ń retí kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé.

Mo rò pé bàbá rẹ á bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀bẹ lélẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní páálí ọmọ àwọn dà.

Ọmọ àwọn! Mo sáré dé oríta bí ẹni tí ajá ń lé. Kí n tó gbé páálí dé, wọ́n ti dáná sẹ́nu ìsọ̀, wọ́n ti gbé páànù kaná, wọ́n ní kí n bu ata sí i dáadáa, kí n má sì ṣahun iyọ̀, ṣebí ohun tí ọmọ náà wí nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ rẹ kankan tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ẹnu-Mímú ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó dijú, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dà bíi bàtà tí wọ́n sè lọ́bẹ̀. Bàbá rẹ bi í pé bàtà ta ló ti jẹ rí tó fi mọ̀. Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń rín. Ìyá àgbà kan tí kò ní eyín mọ́ jẹ tirẹ̀, ó tọrọ sí i, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹran ti ṣàánú òun báyìí. Àwọn kan ní ó dùn, àwọn kan ní ata ló dùn. Nígbà tó yá, Ẹnu-Mímú rọra padà wá mú òmíràn, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá bàtà ọ̀tún ni tàbí ti òsì.

Bàbá rẹ ló jẹ kẹ́yìn. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́, gbogbo wa ń wo ẹnu wọn. Wọ́n gbé e mì, wọ́n ní kì í ṣe ẹran. Mo ti ń nawọ́ sí páálí kí n gbé e sá. Wọ́n ní kì í ṣe ẹran, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú. Wọ́n ní ọmọ àwọn mú ẹ̀wà, ó mú un rìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá màlúù, kí ẹni tí ọmọ tirẹ̀ bá ti mú ẹ̀wà débì kan rí bọ́ síta kó sọ̀rọ̀. Ẹnu-Mímú ló kọ́kọ́ padà sídìí ẹran rẹ̀.

Nígbà tí a délé, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní kí n tẹ ohùn rẹ. Ibi tí o ti ní ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ jù ni sìkéèlì, pé bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ sìkéèlì yanjú, ọjà yín kò ní wọ́n mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí n dá a dúró. Wọ́n ní ṣé torí sìkéèlì lásán làwọn èèyàn yìí ṣe fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ àwọn jẹ́? Olùkọ́ tó yà wá kí wa ní kì í ṣe èyí tí a fi ń wọn ẹran, pé ohun tí o ń sọ ni kí ẹ lè máa ṣe é lọ́pọ̀ yanturu dípò díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ ní kí olùkọ́ lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a-b-d, pé ọ̀rọ̀ ẹran là ń sọ.

Nítorí náà, wàá gba ẹrù kan lọ́wọ́ awakọ̀ tó gbé ìwé yìí wá. Sìkéèlì onírin tí bàbá rẹ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Wọ́n fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọ́n fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ẹ̀wù wọn wé e. Wọ́n ní kí o gbé e fún ọ̀gá rẹ, pé òtítọ́ ni sìkéèlì náà ń sọ, pé bí wọ́n bá ti rí i gbà, kí wọ́n pe àwọn tí wọ́n lé padà. Jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ òótọ́ ni olùkọ́ sọ, má dá a padà. Gbé e sórí tábìlì rẹ. Sìkéèlì tó kù lọ́wọ́ wa máa ń tẹ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ ọkàn wa.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, torí ohùn rẹ ti jẹ gbogbo owó orí fóònù mi. Ṣùgbọ́n má ṣe fi í sí báńkì. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún òun. Mo ní bó bá jẹ́ àṣírí, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó bínú, ó gbé káàdì mi mì. Awakọ̀ ni kí o fún. Kí o sì fi páálí mìíràn kún un, Ẹnu-Mímú ní ọ̀rẹ́ òun kan lòun ń bá béèrè.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò gbè ọ́. Ohun tí o bá gbé kaná yóò jinná, àwọn tí yóò jẹ ẹ́ yóò sì pé jọ. Bí wọ́n bá sì ní kí ìwọ náà máa lọ, má jókòó sínú yàrá kan máa dá ara rẹ lẹ́bi. Máa bọ̀ nílé. Bàbá rẹ ní apá kan ṣófo nínú ìsọ̀ àwọn, pé elẹ́wà lè jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pe oníbàárà kankan kí àwọn tó pè é tán.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, aya alápatà.