Pátákó Òpópónà Wa

Bàbá mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Wọ́n ti ri pátákó òpópónà wa mọ́lẹ̀ níkẹyìn, àmọ́ orúkọ yín kọ́ ló wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀, nígbà tí apá ibẹ̀ ní Mowe ṣì jẹ́ igbó. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń fi òkúta dí kòtò lẹ́yìn òjò, tí ẹ ó ká ṣòkòtò bíríkìlà yín dé orúnkún. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé sáà ni òpópónà ń jẹ́ níbí. Mo rò pé kò ní í la àríyànjiyàn lọ.

Níbi ìpàdé àwọn onílé, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Èkó ní òpópónà kò gbọdọ̀ máa jẹ́ orúkọ àwọn hói pọlói. Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo bi tíṣà tó jókòó tì mí. Ó ní èdè àwọn ará Gíríìkì ni, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ̀kúnnù ni alákọ̀wé máa ń fi bú. Inú bí mi, Bàbá. Mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Nígbà tí wọ́n ní ká nawọ́, orúkọ ọkùnrin ará Èkó yẹn ló wọlé. Àwọn tí ẹ máa ń bá yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ náà nawọ́ fún un. Ṣé àwọn kì í ṣe mẹ̀kúnnù ni? Kí la ṣe fún wọn?

Ọ̀rọ̀ Màámi ló ń pa mí lẹ́kún jù. Ojú wọn ò ríran mọ́ rárá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè pátákó yín lọ́wọ́ mi. Lánàá, aládùúgbò kan ní ó ti dúró, ni wọ́n bá ní kí n mú àwọn lọ. Wọ́n fọwọ́ pa á lára títí, wọ́n wá kúnlẹ̀ sínú eruku.

“Baálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọn ò gbàgbé yín.”

Mo fà wọ́n dìde, mo gbọn aṣọ wọn, a rọra wálé. Wọ́n jẹun tán lálẹ́ àná, Bàbá, ẹni tí kì í jẹun tán látìgbà tí a ti sin yín. Ṣé kí n sọ fún wọn? Wọ́n ti ní kí n tún mú àwọn lọ lọ́la, káwọn lè bá yín nu eruku ara pátákó yín.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀ ti Màámi.